Owó “bibliothèque” tí ilé-ẹ̀kọ́ ń gbà: kí ló wà fún, ta ló sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀?

Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti fẹ́ wọlé ní oṣù kẹsàn-án, ọ̀rọ̀ kan máa ń dá awuyewuye sílẹ̀ láàrin àwọn òbí ní Àjàṣẹ́ níhìn-ín. Nínú ìwé owó tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ń fi léni lọ́wọ́, wọ́n á kọ owó ilé-ẹ̀kọ́, owó aṣọ, owó ìdánwò, wọ́n á wá kọ “bibliothèque”, ìyẹn ilé-ìkàwé, sísàlẹ̀. Owó rẹ̀ kì í pọ̀, síbẹ̀ òun ni wọ́n ń jà lé lórí lẹ́nu géètì. “A ti ra ìwé fọ́mọ, èwo tún ni ti bibliothèque?” Bàbá kan á ní òun ò rí i kí ọmọ òun mú ìwé kankan bọ̀ wálé láti ibẹ̀ rí. Ìyá kan á ní ẹnì kan ló kàn ń jókòó síbẹ̀, tó fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn, kí ni wọ́n wá ń sanwó oṣù fún un sí?

Ìbéèrè tó tọ́ ni gbogbo wọn. Àwọn òbí tí ọmọ wọn wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, tí wọn kì í rí irú owó bẹ́ẹ̀ nínú ìwé, náà kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí yàrá yẹn wà fún.

Kí là ń pè ní ilé-ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́?

Ibi tí wọ́n kó oríṣiríṣi ìwé jọ sí nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ni, tí ẹnì kan tò wọ́n, tí akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ lè wọlé kà wọ́n níbẹ̀, tàbí kí wọ́n yá a lọ sílé kí wọ́n sì dá a padà. Ẹ fi ojú sí yíyá yẹn, nítorí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ó yàtọ̀ sí yàrá tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń kó ìwé ìṣirò àti ìwé Faransé pamọ́ sí, èyí tí wọ́n ń pín fáwọn ọmọ bí ọdún bá bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n sì ń gbà padà bó bá parí. Yàrá ìkẹ́rù nìyẹn. Igba ẹ̀dà ìwé kan ṣoṣo lè wà níbẹ̀, ìwé kan náà ni. Kì í sì ṣe yàrá “permanence”, níbi tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ sí nígbà tí olùkọ́ wọn kò wá.

Àwọn mìíràn máa ń fi wé Bibliothèque nationale tó wà ní Wandó. Iṣẹ́ tiyẹn yàtọ̀. Ibẹ̀ ni orílẹ̀-èdè ń tọ́jú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde nílẹ̀ wa sí; òfin ló ní kí wọ́n máa kó ẹ̀dà wá síbẹ̀, kí ẹni tí a ò tíì bí lè bá wọn. Ìwé tibẹ̀, wọ́n ń pa á mọ́ kó má bàa gbó. Ìwé ti ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n rà á kó lè gbó lọ́wọ́ àwọn ọmọ ni.

Kí wá ni iṣẹ́ ẹni tó jókòó síbẹ̀?

Ẹ lọ sọ́dọ̀ màmá ẹlẹ́wé ọmọ lọ́jà Wandó. Ewé, èèpo, egbò, gbogbo rẹ̀ ló tẹ́ sílẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n màmá kò ní fa ewé kan yọ fún yín kó tó bi yín léèrè: ọmọ ọdún mélòó ni? Ó ti tó ọjọ́ mélòó tára rẹ̀ ti ń gbóná? Ṣé ó ń jẹun? Lẹ́yìn ìdáhùn yín ni yóò tó nawọ́ sí ohun tó yẹ, nígbà mìíràn yóò sì sọ pé èyí tẹ́ ẹ fọwọ́ sí yẹn le jù fún ọmọ ọwọ́. Ẹni tó bá dédé kó ewé lórí àtẹ rẹ̀ lọ sílé kò tíì rí oògùn rà.

Iṣẹ́ olùtọ́jú ilé-ìkàwé nìyẹn. Ọmọ “sixième” (kíláàsì àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì) kan wà tí Faransé ṣì ń dá a dúró ní gbogbo ìlà. Bí wọ́n bá fún un ní ìwé tó nípọn, kò ní padà wá mọ́. Bí wọ́n bá sì fún un ní ìwé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, ojú á tì í níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìwé tó tín-ín-rín, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ rọrùn, ṣùgbọ́n tí ìtàn rẹ̀ bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu, ló nílò, ẹni tó mọ ọmọ tó sì mọ ìwé nìkan ló sì lè nawọ́ sí i. Ọmọkùnrin tó ní òun kórìíra ìwé, bọ́ọ̀lù ló fẹ́ràn: ẹ fún un ní ìwé nípa àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ọmọbìnrin tó ti ka gbogbo ìtàn tó wà lórí pẹpẹ: ẹni kan gbọ́dọ̀ ṣàkíyèsí pé ó ti kà wọ́n tán, kó tó di pé ó jáwọ́.

Àwọn olùkọ́ náà ń jàǹfààní. Olùkọ́ tó fẹ́ kọ́ wọn nípa ibà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lè sọ fún tàǹtí ilé-ìkàwé lónìí, kó bá gbogbo ìwé tó mẹ́nu kan ẹ̀fọn níbi kan lórí tábìlì lọ́jọ́ náà.

Iṣẹ́ tó kù, àwọn ọmọ kì í rí i. Òun ló ń yan ìwé tí wọ́n máa fi owó kékeré tó wà rà. Bí ìwé bá dé, yóò kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀, yóò tẹ̀ ẹ́ ní òǹtẹ̀, yóò fún un ní nọ́ńbà, yóò fi ọ̀rá wé e. Yóò máa gbọn eruku ọyẹ́, yóò máa fà á kúrò lára ògiri kí ikán má bàa jẹ ẹ́ láti ẹ̀yìn. Yóò sì kà á. Èmi ò mọ bí ẹni tí kì í kàwé ṣe lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Kí ni àwọn nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ìwé wọ̀nyẹn?

Bẹ́ ẹ bá rí ìwé tí wọ́n lẹ bébà kékeré mọ́ lẹ́yìn, tí wọ́n kọ bí 966.83 sí, àdírẹ́sì rẹ̀ nìyẹn. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Melvil Dewey ló gbé ètò náà jáde ní 1876. Ó pín ohun gbogbo tí èèyàn lè kọ̀wé lé lórí sí ọ̀nà 10, láti 000 dé 900: 200 jẹ́ ti ẹ̀sìn, 400 ti èdè, 500 ti sáyẹ́ǹsì, 600 ti ìṣègùn, oko àti iṣẹ́ ọwọ́, 800 ti lítíréṣọ̀, 900 ti ìtàn àti ilẹ̀ ayé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́. 960 ni Áfíríkà, 966 ni ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, 966.83 sì ni Bẹ̀nẹ̀ tiwa. Nàìjíríà wà ní 966.9, kò jìnnà síra. Bí ilé ṣe súnmọ́ra náà ni nọ́ńbà ṣe súnmọ́ra. Ìwé nípa èdè Yorùbá wà ní 496.333, lítíréṣọ̀ rẹ̀ sì wà ní 896.333.

Ètò yìí ní àbùkù tirẹ̀. Lábẹ́ 200, ẹ̀sìn Kirisẹ́ẹ́nì ló gba ibi tó pọ̀ jù, wọ́n sì há Ìsìláàmù mọ́ 297, wọ́n ti ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà sí 299.6. Ní Àjàṣẹ́, níbi tí mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ojúbọ ti jọ ń gbé àdúgbò kan náà, ìpín yẹn kò jọ ayé tí à ń rí. Olùtọ́jú tó lóye lè fún wọn láyè tó dọ́gba lórí pẹpẹ.

Ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kò sì ní láti kọ gbogbo nọ́ńbà yìí. Bí wọ́n bá fi téèpù pupa sára ìwé ìtàn, tí wọ́n fi ti àwọ̀ ewé sára ìwé sáyẹ́ǹsì, ọmọ CE2 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á mọ ibi tó ń lọ. Ohun tí a ń wá ni pé kí ọmọ lè dá ìwé rí fúnra rẹ̀, kó sì lè dá a padà sí ibi tí ẹlòmíràn yóò ti rí i.

Kí ló dé tí ilẹ̀kùn fi máa ń wà ní títì?

Èyí ló ń bí ọ̀pọ̀ òbí nínú jù, ó sì tọ́ ká dúró lé e lórí díẹ̀. Wọ́n á ní ìwé wà, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ dírẹ́kítọ̀, dírẹ́kítọ̀ sì lọ ìpàdé. Tàbí kí ilẹ̀kùn ṣí, kí wọ́n sì ní ìwé kò gbọdọ̀ jáde kúrò nínú yàrá.

Àwọn èèyàn máa ń rò pé ọ̀lẹ ni olùtọ́jú náà, tàbí pé ó ń ṣe agídí. Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń bi í léèrè iṣẹ́. Wọ́n fi ìwé lé e lọ́wọ́, ó fọwọ́ sí i. Bí ọdún bá parí, wọ́n á ka iye ìwé náà. Bí ìwé 12 bá dín, òun ni yóò ṣàlàyé, ẹ̀rù sì lè máa bà á pé wọ́n á yọ ọ́ nínú owó oṣù òun. Kò sí ẹni tó máa bi í pé: ìwé mélòó làwọn ọmọ kà lọ́dún yìí? Ẹni tí wọ́n bá ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò báyìí, kí ló máa ṣe tó bá gbọ́n? Yóò ti ilẹ̀kùn ni. Ìwé tí kò jáde kò lè sọnù.

Nítorí náà, lójú tèmi, kọ́kọ́rọ́ kọ́ ni ká kọ́kọ́ bá jà. Kí ilé-ẹ̀kọ́ yí ohun tí wọ́n ń kà padà: kí wọ́n máa ka iye ìgbà tí ìwé jáde, kí wọ́n sì gbà tẹ́lẹ̀ pé díẹ̀ nínú wọn máa ya, díẹ̀ máa sọnù, bí ṣọ́ọ̀kì ṣe ń tán. Bí wọ́n bá sọ fún mi pé ilé-ìkàwé kan wà tí ìwé kan kò sọnù níbẹ̀ láti ọdún 5, tí gbogbo rẹ̀ sì ń dán gbinrin, mi ò ní kí wọn kú iṣẹ́. Màá béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ń wọbẹ̀.

Yíyá ìwé kò le. Orúkọ ọmọ, kíláàsì rẹ̀, orúkọ ìwé, ọjọ́ tó mú un, ọjọ́ tó máa dá a padà: ìlà kan nínú ìwé àkọsílẹ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì tó. Bó bá sọ ọ́ nù, kí òbí ra ìwé mìíràn tó jọ ọ́ dípò rẹ̀, kò dìgbà tí wọ́n bá rí irú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lu ọmọ nítorí ìwé tó sọnù. Ọmọ tí wọ́n lù kò ní yá ìwé mọ́, àwọn àbúrò rẹ̀ náà kò sì ní yá. Ohun tí òbí lè ṣe ni kó fún un ní ọ̀rá tó lè fi wé ìwé nígbà òjò, pàápàá bó bá jẹ́ pé zẹ́mì ló ń gùn wálé.

Ìdánwò ń bọ̀, ṣé ìwé ìtàn ló yẹ kó máa kà?

Ìbéèrè àwọn òbí ọmọ CM2 (ìparí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀) àti “troisième” (ìparí kọ́lẹ́ẹ̀jì) nìyí, nítorí ìdánwò CEP àti BEPC. Ẹ ronú sí i: nínú ilé, Yorùbá tàbí Gùn lọmọ ń sọ. Nínú ìdánwò, Faransé ni, àti ìṣirò pàápàá. Wọ́n á ní oníṣòwò kan ra àpò ìrẹsì báyìí, ó tà á báyìí, ó jẹ gbèsè díẹ̀, kí ni èrè rẹ̀? Ọmọ tó lè yọ nọ́ńbà kúrò, tó lè rò ó pọ̀, ṣùgbọ́n tí kò mọ̀ bóyá èèyàn náà rà ni tàbí ó tà, ti pàdánù kó tó fọwọ́ kan ìṣirò. Ìwé kíláàsì nìkan kò lè wo èyí sàn, nítorí tí ọdún bá dé ìdajì, ọ̀pọ̀ ọmọ ti há a sórí. Ojú-ewé tuntun, tó pọ̀, tó ń wu ọmọ láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé e, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń wọ orí láìsí ẹgba. Bó bá wá ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí ìdánwò, olùtọ́jú tó mọṣẹ́ á kó ìbéèrè ìdánwò àwọn ọdún tó kọjá síta.

Kí ìwé Yorùbá náà wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ wa máa ń rí èdè wọn ní oríṣi méjì: ìwé tó ti Nàìjíríà wá á kọ “ilé ẹ̀kọ́”, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ á kọ “ilé ɛ̀kɔ́”. Ọmọ tó bá rí méjèèjì lórí pẹpẹ kan náà kò ní ṣe wàhálà lórí rẹ̀. Wákàtí kan péré ni yóò fi mọ̀ ọ́n.

Ṣé fóònù kò ti gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ wọn?

Olùkọ́ ní kí ọmọ ṣe “exposé”, ìyẹn iṣẹ́ ìwádìí tí ọmọ á wá sọ níwájú kíláàsì, lórí Kétu, lórí odi ìlú àti ẹnubodè Akaba Ìdẹ́nà. Ọmọ ṣí íntánẹ́ẹ̀tì, ó da ojú-ewé kan kọ látòkè délẹ̀. Ojú-ewé yẹn ní àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì fọ́ Kétu ní 1886. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí òmíràn tó ní 1883 ni. Èwo ló parọ́? Kò sí èyí tó parọ́: ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kọ lu ìlú náà láàrin ọdún díẹ̀, ti 1886 ló wó o pátápátá. Fóònù gbé ọdún méjèèjì fún wọn, kò sì sọ èyí. Ẹni tó máa bi wọ́n pé “ta ló kọ ọ́, ibo ló ti mọ̀ ọ́n, ṣé ẹ ti wo ìwé kejì?” ni wọ́n nílò, pàápàá nísinsìnyí tí ẹ̀rọ ti lè kọ “exposé” odindi láàrin ìṣẹ́jú kan.

Ta ló yẹ kó ṣe iṣẹ́ náà, ṣé ó sì yẹ ká san owó?

Ó ti di àṣà láwọn ibì kan pé olùkọ́ tí ara rẹ̀ kò le, tàbí tí òun àti dírẹ́kítọ̀ kò rẹ́, ni wọ́n ń tì síbẹ̀. Kò fi dandan burú. Ará Íńdíà kan, S. R. Ranganathan, olùkọ́ ìṣirò ni nígbà tí wọ́n fi í sídìí ilé-ìkàwé Yunifásítì Madras ní 1924. Ibẹ̀ sú u débi pé kò pẹ́ tó fi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá òun padà sí kíláàsì. Ṣùgbọ́n wọ́n rán an lọ kọ́ṣẹ́ ní London, ó padà wá, ní 1931 ó sì gbé òfin 5 jáde tí àwọn oníṣẹ́ yìí ṣì ń tẹ̀ lé títí dòní. Èkíní nínú wọn ni pé ìwé wà fún lílò. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin òun àti olùkọ́ tí wọ́n kàn tì síbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ṣẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ ni. Ní Dakar, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùtọ́jú ilé-ìkàwé tí wọ́n ń pè ní EBAD ń kọ́ni; ní ilẹ̀ Faransé, láti 1989 ni CAPES, ìdánwò tí ìjọba fi ń gba olùkọ́, ti wà fún àwọn tó ń ṣe é ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àti líísè, olùkọ́ ni wọ́n sì kà wọ́n sí.

Ní ti owó, ìkéde kan wà tí àjọ àgbáyé UNESCO fọwọ́ sí ní 1999 lórí ilé-ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́. Ó ní kí ẹni tó kọ́ṣẹ́ máa bójú tó o, ó sì ní ọ̀fẹ́ ló yẹ kó jẹ́. Ìkéde yẹn kì í ṣe òfin tó lè mú ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni. Ṣùgbọ́n òbí tó bá ti san owó ní ẹ̀tọ́ láti dìde nínú ìpàdé kó béèrè: ìwé wo lẹ fi ti èṣín rà? Ọjọ́ wo àti aago mélòó ni ibẹ̀ ń ṣí? Ṣé ọmọ mi lè mú ìwé wálé? Bí ìdáhùn sí ẹ̀kẹta bá jẹ́ rárá, ẹ má fi ìpàdé yẹn sílẹ̀ láìtíì mọ ìdí.

Àwọn ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti òkè òkun ńkọ́?

Ọmọ ìlú tó wà ní Paris á kó páálí 20 ránṣẹ́. A dúpẹ́. Nígbà tí wọ́n bá tú u, ìdajì lè jẹ́ ìwé òfin ilẹ̀ Faransé tí wọ́n ti pa rẹ́, tàbí ìwé ìtọ́sọ́nà kọ̀ǹpútà tí kò sí lọ́jà mọ́. Ìwé àwòrán ayé tó ṣì ń kọ Zaïre, orúkọ tí Kóńgò Kinshasa ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, ti ṣáájú 1997. Èyí tó bá ń pe orílẹ̀-èdè tiwa ní Dahomey ti ṣáájú 1975, ọmọ sì lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìdánwò. Yíyọ irú wọn kúrò lórí pẹpẹ wà lára iṣẹ́ olùtọ́jú, kì í ṣe àìmoore. Ẹni tó bá fẹ́ ṣèrànwọ́, kó kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n ń wá lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn, owó ọkọ̀ ojú omi yẹn nìkan tó láti ra ìwé tuntun ní Cotonou, tí orúkọ inú rẹ̀ jọ orúkọ àwọn ọmọ wa.

Fún àwọn abúlé tó yí Ṣábẹ ká, níbi tí kò sí yàrá, tí kò sí owó oṣù fún ẹnikẹ́ni, àpótí onípákó kan tó ní ìdérí, tí ìwé 40 wà nínú rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀. Kí olùkọ́ kan àti ọmọ CM2 méjì máa kọ orúkọ àwọn tó ń yá a. Bí ìwé yẹn bá ti di kíkà tán lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n gbé àpótí náà sórí ọ̀kadà, kí wọ́n lọ fi pààrọ̀ ti abúlé kejì.